Ẹfun, Kaun àti Amọ̀: Orúkọ Àwọn Ohun Tí A Fi Ń Tún Ilẹ̀ Amọ̀ Ṣe Nínú Ọgbà

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń fi àwọn ohun tí a hú jáde láti inú ilẹ̀ tún ilẹ̀ amọ̀ tó wúwo ṣe nínú ọgbà, ó sì yẹ orúkọ tí Yorùbá ń pe àwọn ohun náà wò. A fẹ́ fi hàn pé ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn lórí amọ̀ kò jọra ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ìyẹn ẹfun, àti pé kaun, tí Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa ń pè ní pọ́táàṣì, kò ní pọ́táàṣì nínú tó bí orúkọ náà ti wí. Ẹni tó bá túmọ̀ ìwé iṣẹ́ ọ̀gbìn láìfi èyí sọ́kàn lè ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́.

Ìfáárà

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, wọ́n gbé ìwé pélébé olójú-ewé méjì kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ tà ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Orí ilẹ̀ amọ̀ ni ìwé náà dá lé. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí àgbẹ̀ bu láìmù sí ilẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá kọ láìmù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tó bá kà á. Mo kọ ẹfun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi: ó kúrú, ó jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé, ohun tó ń tọ́ka sí sì funfun bí èyí tí ìwé náà ń sọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá kan nínú wọn, tó ń fi owó tẹ̀tẹ̀ àti ewédú san owó ilé-ìwé ọmọ, mú mi lọ wo ebè wọn. Wọ́n ti ra ẹfun lọ́jà lọ́wọ́ lẹ́kulẹ́ja, wọ́n gún un kúnná, wọ́n sì fọ́n ọn sórí ebè mẹ́rin. Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń dán bí ògiri tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ́. Omi òjò àná ṣì dúró lórí rẹ̀, ewédú tó wà níbẹ̀ sì ti ń pọ́n. "Ọmọ mi," ni ìyá wí, "ṣé amọ̀ ni o ní kí n fowó rà, kí n wá dà á sórí amọ̀?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ yẹn. Ẹfun tí a sábà ń rà lọ́jà wa, amọ̀ funfun ni. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n ebè mẹ́rin náà kò mú ohun tó ṣe é tà wọ ọjà títí òjò ọdún yẹn fi dá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wò ó pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn nìkan. Àwọn ìwé tí àwa onímọ̀ Yorùbá máa ń sá bá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n wà fún. Ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò rí ibi kankan fẹ̀yìn tì.

Ohun tí amọ̀ jẹ́

Bí a bá bu erùpẹ̀ ọgbà sínú ìgò tó mọ́ gaara, tí a da omi lé e, tí a sì mì í dáadáa, yanrìn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, láàárín ìṣẹ́jú kan. Erùpẹ̀ kúnná yóò tẹ̀lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tó bá ṣì ń rú omi náà lọ́jọ́ kejì ni amọ̀. Ìwọ̀n hóró wọn ló fa ìyàtọ̀ yìí. Hóró yanrìn tó tóbi jù tó mílímítà 2, èyí tó kéré jù kò dín ní 0.05 mílímítà. Hóró amọ̀ kò tó 0.002 mílímítà. Bákan náà, hóró yanrìn rí róbótó, ṣùgbọ́n ti amọ̀ pẹlẹbẹ bí ewé. Bí ewé tó tutù bá sùn lé ara wọn, wọn a lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá gbẹ, wọn a le. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ amọ̀ fi ń fà mọ́ ọkọ́ lásìkò òjò, tó sì ń di ògúlùtu lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó yẹ kí a gbèjà amọ̀ díẹ̀. Ojú àwọn ewé rẹ̀ ní iná mànàmáná tí àwọn onímọ̀ ń fi àmì ìyọkúrò dá mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oúnjẹ irúgbìn ń fi àmì ìròpọ̀ rìn nínú omi ilẹ̀. Amọ̀ a dì wọ́n mú kí òjò má baà gbé wọn lọ, èyí tí yanrìn kò lè ṣe. Ohun tó ń yọ olùgbìn lẹ́nu ni pé kò sí àyè láàárín àwọn ewé náà fún omi, afẹ́fẹ́ àti gbòǹgbò. Nítorí náà, àtúntò ni amọ̀ nílò: kí àwọn ewé tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dì mọ́ ara wọn ní kókó kéékèèké, kí àlàfo sì wà láàárín kókó kan àti èkejì.

Kálísíọ̀mù ń ṣe iṣẹ́ ìdìpọ̀ yìí, nítorí pé ó ní agbára méjì: ó lè fi ọ̀kan di ewé amọ̀ kan mú, kí ó fi èkejì di òmíràn. Sódíọ̀mù ní agbára kan ṣoṣo, ó sì máa ń gbé omi púpọ̀ yí ara rẹ̀ ká. Bí òun ló bá gbilẹ̀ láàárín àwọn ewé, ńṣe ni yóò máa tì wọ́n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kókó a tú, amọ̀ a di ẹrẹ̀ ṣìkìṣìkì, ẹrẹ̀ náà a sì di gbogbo ihò tí omi ìbá gbà wọlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù àti sódíọ̀mù yìí sọ́kàn. A ó tún padà sọ́dọ̀ wọn nígbà tí a bá dé orí jípúsọ̀mù àti kaun.

Amọ̀ kò jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo

Ní 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn, èyí tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn ẹkùn náà. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi sọ ìran ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan: Ìwó, Òndó, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìtàgùnmódì, Òkèmẹ̀sí. Mo fẹ́ràn ìwé náà nítorí èyí nìkan. Ìran Ìwó wá láti ara òkúta oníhóró ńláńlá, yanrìn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìran Ìtàgùnmódì, tó gba orúkọ ìlú tó wà nítòsí Iléṣà, wá láti ara òkúta dúdú tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Amọ̀ pupa tó wúwo ni, kòkó sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Amọ̀ tó wọ́pọ̀ ní orí ilẹ̀ gíga ní ilẹ̀ Yorùbá ni èyí tí wọ́n ń pè ní kaolíníìtì. Ó ti dàgbà, òjò ti fọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, oúnjẹ tó lè dì mú kò sì pọ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wú nígbà tó bá mu omi. Ìpẹtà irin tó sọ ọ́ di pupa tún máa ń so ó pọ̀ ní kókó, débi pé ilẹ̀ pupa Ìtàgùnmódì máa ń jẹ́ kí omi wọlẹ̀ ju bí ìwọ̀n amọ̀ inú rẹ̀ ti fi hàn lọ. (Ìpẹtà irin yìí kan náà, bí ó bá pọ̀ jù tí oòrùn sì kàn án léraléra, ní í di yangí. Bí ó bá ti di yangí, omi kò tún lè sọ ọ́ di ẹrẹ̀ mọ́.)

Òdìkejì rẹ̀ ni sìmẹ́kítáìtì. Oúnjẹ tí ó lè dì mú tó bí ìlọ́po mẹ́wàá ti kaolíníìtì, ṣùgbọ́n ó máa ń wú bí ó bá mu omi, á sì sán bí ó bá gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i ní àárín àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá, kí ó lọ sí ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, láàárín Pobẹ̀ àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Amọ̀ dúdú ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ó gbéra lásìkò òjò, ọ̀jọ̀gbọ́n onítàn A. I. Aṣíwájú sì ti fi hàn pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ ìjọba Faransé pẹ́ kó tó tẹ àwọn Ọ̀họ̀rí. Amọ̀ London náà ní sìmẹ́kítáìtì nínú. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ 1976, ó sún kì débi pé ògiri ọ̀pọ̀ ilé sán ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní London àti èyí tó ń gbìn ín ní Iléṣà lè jọ máa pe ilẹ̀ wọn ní amọ̀ lórí fóònù, kí ìmọ̀ràn tó ṣe ọ̀kan láǹfààní má sì ṣiṣẹ́ fún èkejì.

Yanrìn

Ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ènìyàn ni pé kí a da yanrìn sí amọ̀. Àwọn tó ń mọ ilé alámọ̀ ti mọ ìdí tí èyí kò fi tó. Bí amọ̀ ògiri bá ń sán jù, yanrìn ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ògiri lè dúró ṣinṣin. Amọ̀kòkò náà mọ̀ pé bí a bá po hóró tó le mọ́ amọ̀, ìkòkò kì í tètè sán. Ìyẹn ni pé yanrìn díẹ̀ nínú amọ̀ púpọ̀ ń sọ ọ́ di ohun ìkọ́lé. Àwọn hóró yanrìn kò kan ara wọn, amọ̀ ti kún gbogbo àyè tó wà láàárín wọn.

Kí yanrìn tó lè yí irú ilẹ̀ náà padà, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti borí amọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ ọgbà tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 260. Bí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, tí a sì fẹ́ kí amọ̀ náà dín kù sí ìdá mẹ́rin, kìlógíráàmù 260 yanrìn mìíràn ni a óò pò mọ́ ọn. Fún ebè gbọọrọ kan tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 1.2, yanrìn náà jẹ́ kìlógíráàmù 3,120. Bí báró kan bá gba kìlógíráàmù 60, báró 52 nìyẹn, fún ebè kan ṣoṣo. Èmi kò lè dá ẹnikẹ́ni tó ń fi ẹ̀fọ́ jẹun nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Yanrìn wúlò nínú ike tí a ń hu irúgbìn sí, níbi tí ìwọ̀n ilẹ̀ ti kéré. Fún ọgbà, ebè gíga tí àwọn baba wa ń kọ, kí omi lè ṣàn sínú poro, ṣe amọ̀ láǹfààní ju báró yanrìn lọ.

Ẹfun

Ẹfun ọjà ni àkọ́kọ́. Àwọn lẹ́kulẹ́ja ń tà á ní róbótó tàbí ní ògúlùtu, a ń lò ó fún Ọbàtálá, àwọn aláboyún kan a sì máa jẹ ẹ́. Kaolíníìtì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò lè ré ìkan ilẹ̀ lọ sílẹ̀, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí a bá gún un sórí amọ̀, hóró kíkúnná la fi kún hóró kíkúnná.

Ẹfun ìkọ̀wé ni èkejì, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Jípúsọ̀mù tí wọ́n ti yan nínú iná ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe àjà ilé ń pè ní pí-ó-pí. Kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, imí ọjọ́ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò lè ré ìkan ilẹ̀.

Òkúta ẹfun ni ẹ̀kẹta, òkúta tí wọ́n ń fọ́ ní Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960. Kálísíọ̀mù kábọ́néètì ni. Bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, òun ni láìmù tí ìwé pélébé mi ń sọ. Ó ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń fún amọ̀ ní kálísíọ̀mù, ó sì ń ré ìkan ilẹ̀ lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ kejì yìí ṣe pàtàkì nílẹ̀ wa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí pH ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju 5.5 lọ, alumíníọ̀mù inú amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò, á sì máa pa ṣóńṣó gbòǹgbò. Olùgbìn á rí ẹ̀fọ́ tó ràn, á rò pé líle ilẹ̀ nìkan ló fà á, nígbà tó jẹ́ pé gbòǹgbò kò tilẹ̀ lè wọ inú ilẹ̀ láti là á.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwádìí yìí wá láti Cuba. Àwọn Lukumí ṣì ń lo ọ̀rọ̀ náà, efún, nínú ìsìn wọn, ṣùgbọ́n èèpo ẹyin ni wọ́n ń gún láti ṣe é. Cascarilla ni wọ́n ń pè é ní èdè Sípéènì, láti ara ọ̀rọ̀ wọn fún èèpo. Bí ìdá márùn-ún dín lọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èèpo ẹyin ló jẹ́ kálísíọ̀mù kábọ́néètì. Ìyẹn ni pé orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà àti ìlò kan náà la òkun kọjá, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì yí padà pátápátá. Ká ní Havana ni ìyá yẹn ti ra ẹfun tirẹ̀, ìtumọ̀ mi ì bá tọ̀nà.

Báwo ni ẹni tó wà lọ́jà ṣe lè mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọsàn wẹ́wẹ́, tí mo sá fún nígbà tí mo ń túmọ̀, ni ó ń dáni lóhùn. Ẹ gún ohun náà díẹ̀, kí ẹ sì kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ó bá hó, tí ó ń yọ ìfófòó, kábọ́néètì wà nínú rẹ̀. Ẹfun ọjà kì í hó, jípúsọ̀mù kì í hó. Èèpo ẹyin a máa hó. Òkúta mábù irú ti Ìgbẹ́tì, tí mágínísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, máa ń lọ́ra láti hó, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kúnná gan-an kí a tó dán an wò.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Tọ́ọ̀nù kan sí méjì fún hẹ́kítà kan, èyí tí í ṣe gíráàmù 100 sí 200 fún mítà kan níbùú lóòró, ti tó bẹ̀rẹ̀ fún kaolíníìtì wa, kí a sì pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìgbìn. Bí láìmù bá pọ̀ jù, sínkì àti máńgáníìsì á di ohun tí irúgbìn kò lè rí jẹ mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, bí pH amọ̀ pupa bá ń gòkè, iná àmì ìyọkúrò ojú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn ewé rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn kúrò. Ẹni tó bu láìmù jù lè tipa bẹ́ẹ̀ tú kókó tí ìpẹtà irin ti dì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Láìmù sísun, tí àwọn kan fi ń kun ilé, lágbára ju òkúta lílọ̀ lọ: kìlógíráàmù 56 rẹ̀, kí omi tó kàn án, ń ṣe iṣẹ́ 100 òkúta ẹfun. Ó máa ń bó ọwọ́ àti ojú. Èmi kò kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán ṣiṣẹ́ ọgbà.

Jípúsọ̀mù

Ọ̀pọ̀ ìwé ń pe jípúsọ̀mù ní oògùn amọ̀, láìsọ pé amọ̀ tí sódíọ̀mù ti jẹ gàba lé lórí ni ó ń wò sàn. Nígbà tí òkun ya wọ ilẹ̀ Netherlands ní 1953, iyọ̀ wọ inú amọ̀ oko wọn, jípúsọ̀mù sì wà lára ohun tí wọ́n fọ́n sí i lẹ́yìn náà. Nǹkan bíi gíráàmù méjì àbọ̀ rẹ̀ ń yòrò nínú lítà omi kan. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ a gba ipò sódíọ̀mù lójú amọ̀, òjò a sì fọ sódíọ̀mù náà lọ, bí omi bá ti rí ọ̀nà gbà jáde.

Ilẹ̀ kíkan tí òjò ti fọ̀ fún ìgbà pípẹ́, irú èyí tó wà ní Iléṣà tàbí Ìbàdàn, kì í sábà ní ìṣòro sódíọ̀mù. Ibi tó ti lè ṣẹlẹ̀ ni ọgbà tí a ń fi omi kànga oníyọ̀ bomi rin ní etí òkun tàbí etí ọ̀sà. Ìdánwò rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì gba orúkọ lára W. W. Emerson tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1967. Ẹ mú kókó ilẹ̀ gbígbẹ kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà, ẹ rọra gbé e sínú ife tí omi òjò wà nínú rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Bí ó bá kàn wó lulẹ̀, tí omi ṣì mọ́, jípúsọ̀mù kò ní ìtúntò kan láti bá a ṣe. Bí omi tó yí i ká bá dà bí èyí tí a kán wàrà sí, amọ̀ náà ń tú, jípúsọ̀mù yóò sì wúlò fún un.

Kaun àti eérú

Ní Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, pọ́táàṣì ni kaun. Ṣùgbọ́n kaun tó ń wá láti Òkè Ọya, láti agbègbè Adágún Chad, kábọ́néètì sódíọ̀mù ni. Òun ló ń mú kí ewédú fà, tó sì ń mú kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Bí a bá dà á sí amọ̀, amọ̀ náà yóò tú bí a ti ṣàlàyé lókè. Nígbà náà, bí ìwé iṣẹ́ ọ̀gbìn bá kọ ọ́ pé ata àti tòmátò nílò pọ́táàṣì, tí atúmọ̀ sì kọ kaun, ohun tó burú jù lọ fún ilẹ̀ amọ̀ ni ó ní kí olùgbìn lọ rà ní ilé aláta. Ìdánwò ọsàn wẹ́wẹ́ kò ní gbà á sílẹ̀, nítorí kaun náà a máa hó. Omi ni a fi ń dá a mọ̀: kaun a yòrò nínú omi tán, òkúta ẹfun lílọ̀ a sì sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife.

Pọ́táàṣì gidi wà nínú eérú. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ èyí tipẹ́. Eérú èèpo kòkó ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn, pòtáṣíọ̀mù sì pọ̀ nínú rẹ̀ púpọ̀. Eérú igi tún ní kálísíọ̀mù kábọ́néètì, nítorí náà ó ń ré ìkan ilẹ̀ lọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti òkúta ẹfun lílọ̀. Gíráàmù 100 fún mítà kan níbùú lóòró láàárín ọdún kan tó. Eérú tí òjò ti pa kò fi bẹ́ẹ̀ ní pọ́táàṣì mọ́. Kí a má sì po eérú tuntun mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tútù tàbí ajílẹ̀ yúríà: òórùn tí yóò sọ sí wa nímú ni náítírójìn tí a fowó rà, tó ń fò lọ.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ohun wọ̀nyí tó lè dá iṣẹ́ ṣe láìsí ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹran. Kálísíọ̀mù ń mú ewé amọ̀ súnmọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ohun jíjẹrà, ekòló àti gbòǹgbò ló ń lẹ kókó náà pọ̀ kí òjò má baà tú u. Àlàyé lórí ìyẹn ti pọ̀ nílẹ̀, orúkọ wọn kò sì fa àríyànjiyàn.

Kí ni kí atúmọ̀ kọ?

Àwọn kan lè ní kí a pa ẹfun tì, kí a máa kọ láìmù. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ni láìmù náà jẹ́ lójú Yorùbá, àti pé òkúta ẹfun ti wà lẹ́nu ènìyàn. Ohun tí mo dábàá ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ẹfun dá dúró nínú ìwé ọ̀gbìn. Òkúta ẹfun lílọ̀ ni kí a pe láìmù. Kí ẹfun ọjà máa jẹ́ ẹfun amọ̀. Kí jípúsọ̀mù máa jẹ́ jípúsọ̀mù, nítorí pé bí a bá wá orúkọ ìbílẹ̀ fún un, ẹfun ni yóò tún bọ́ sí. Ní ti pọ́táàṣì, kí a kọ pòtáṣíọ̀mù níbi tí a bá ń sọ oúnjẹ irúgbìn, kí kaun sì dúró sí ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ní ẹ̀dà kejì ìwé pélébé náà, gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́rin: "Ẹ ra òkúta ẹfun lílọ̀. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ẹ tó sanwó; bí kò bá hó, ẹ dá a padà. Ẹ fọ́n ìkúnwọ́ méjì sí ibi tó gùn ní ìṣísẹ̀ kan tó sì fẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan, kí ẹ sì fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀. Ẹ má fi ẹfun amọ̀ tàbí kaun rọ́pò rẹ̀." Mo kọ́kọ́ mú un lọ bá ìyá. Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá bi mí pé ọmọ àwọn ń dín ẹyin tà nídìí búrẹ́dì, èèpo rẹ̀ sì ń kún àpò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣé ìyẹn kò ní ṣe é? Mo ní yóò ṣe é, bí wọ́n bá lè gún un kúnná bí wọ́n ti gún ẹfun ìjọ́sí.